Ta Ni Ká Gbà Gbọ́ Nípa Yìnyín? Àgbéyẹ̀wò Ìròyìn Ojú Ọjọ́ fún Àwọn Onísíkì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, lórí òkè kan ṣoṣo, ìròyìn mẹ́rin lè jáde kí ọ̀kan má bá èkejì mu. Ibùdó síkì á ní yìnyín tuntun tó bọ́ lóru tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀rọ ìjọba tó wà nínú igbó ẹ̀gbẹ́ òkè náà á ka 18. Fóònù á ní òjò ló ń rọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ewu orí òkè á sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀. Ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, tó ti gba ilé sílẹ̀, tó ti yá bàtà àti síkì fún ọmọ mẹ́ta, ta ni kó gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa mọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sílé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Aberdeen ń bá ilé ìwé wọn lọ ṣe síkì lórí àwọn òkè Alps. Àwọn ará wa tó fi Denver àti Salt Lake City ṣe ilé ń gbé lábẹ́ òkè yìnyín gan-an. Ní 2014, àwọn obìnrin méjì, Mathilde-Amivi Petitjean àti Alessia Afi Dipol, ṣe síkì lábẹ́ àsíá Tógò níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi. Ní 2022, Samuel Ikpefan ṣe é lábẹ́ àsíá Nàìjíríà ní Beijing. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ wa ti dé orí òkè, ó yẹ kí ojú wa dé inú ìròyìn tó ń ti orí òkè wá.

Lẹ́yìn tí mo yẹ àwọn orísun ìròyìn wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo dúró lé ni pé kò sí èyí tó jẹ́ kìkì irọ́, kò sì sí èyí tó tó gbára lé lóun nìkan. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tó ń ya ìròyìn tó ṣeé fọkàn tán sọ́tọ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: ta ló wọn yìnyín náà, ibo ló ti wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ló wọ̀n ọ́n, kí sì ni èrè tirẹ̀ bí a bá gbà á gbọ́?

Ohun tí ibùdó síkì ń sọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ yìnyín jù lọ. Ní ibùdó síkì tó mọṣẹ́, òṣìṣẹ́ kan wà tó máa ń jí ní ìdájí, tí yóò gun òkè lọ síbi tí igi yí ká, tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀. Pátákó funfun kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yìí á wo ibi tí yìnyín dé lára ọ̀pá, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gbá pátákó náà mọ́, á sì tún un tẹ́ sórí yìnyín kó lè gba ti ọjọ́ kejì. Nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé yóò kà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Iṣẹ́ náà rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Yìnyín kì í dúró bó ṣe bọ́. Ìwúwo ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí. Bí ẹnìkan bá ń gbá pátákó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ yóò ga ju ti ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ yìnyín kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń wọn yìnyín fún un pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbá pátákó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, kí wákàtí mẹ́fà sì wà láàárín èyí àti èyí. Ibùdó síkì tó ń wọn tirẹ̀ fún títà lè má tẹ̀ lé ìlànà yẹn.

Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tún ń yí nọ́ńbà padà. Yìnyín tó pọ̀ ní ṣóńṣó òkè lè má ju ìdajì bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ṣẹ́. Àkókò náà ń yí i padà: "lóru àná" yàtọ̀ sí "láàárín wákàtí 24", èyí náà sì yàtọ̀ sí "láti ìgbà tí ìjì yìí ti bẹ̀rẹ̀", tó lè jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kóńgò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n: bóyá ó rọra dà á ni, bóyá ó kì í mọ́lẹ̀ ni, bóyá ìdí kóńgò náà ti wọnú. Oníbàárà tó gbọ́n kì í bá ọlọ́jà jà. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò.

Àwọn kan ti wo ọwọ́ ibùdó síkì bẹ́ẹ̀. Jonathan Zinman àti Eric Zitzewitz, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, kó ìròyìn yìnyín tí àwọn ibùdó ń gbé jáde jọ, wọ́n sì fi wé àkọsílẹ̀ ìjọba. Nínú àbọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta ní 2009, wọ́n rí i pé yìnyín tuntun tí àwọn ibùdó ń kéde ní òpin ọ̀sẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àárín ọ̀sẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ ìjọba kò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ojú ọ̀run kò mọ Sátidé yàtọ̀ sí Túsìdé. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún rí i pé àwọn ibùdó tí àsọdùn lè mú èrè wá fún jù ló ń sọdùn jù.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí áàpù kan dé orí fóònù iPhone tó jẹ́ kí onísíkì lè kọ ohun tójú rẹ̀ rí láti orí òkè lójú ẹsẹ̀, àsọdùn náà lọ sílẹ̀ gan-an, pàápàá níbi tí fóònù ti ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí ọlọ́jà mọ̀ pé oníbàárà lè sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lójú gbogbo ayé, ó tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Kì í ṣe yìnyín nìkan ni wọ́n ń sọdùn. Christoph Schrahe, ọmọ Jámánì kan tó jẹ́ ògbógi nípa ibùdó síkì, fara balẹ̀ wọn gígùn ojú ọ̀nà síkì ní ọ̀pọ̀ ibùdó ńlá, ó sì rí i pé kìlómítà tí ọ̀pọ̀ wọn ń kéde ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ibùdó bá ní òun ti ṣí kìlómítà báyìí báyìí, ẹ béèrè iye ọ̀nà tó ṣí nínú iye tó ní lápapọ̀, kí ẹ sì béèrè iye ọkọ̀ orí wáyà tó ń ṣiṣẹ́. Ìdajì ọ̀nà tó ṣí láàárín oṣù kìíní ń sọ ju nọ́ńbà ìjìnlẹ̀ yìnyín lọ.

N kò ní kí ẹ kọ ìròyìn ibùdó sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó lè sọ èwo nínú ọkọ̀ orí wáyà ni afẹ́fẹ́ ti dá dúró, ọ̀nà wo ni wọ́n tẹ́ lóru, ibo ni òkúta ti yọrí. Ibùdó tó gbé kámẹ́rà kọjú sí ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, tí gbogbo ayé lè wò tọ̀sán tòru, ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀rọ tí kò ní ọjà tí yóò tà

Omi ló kọ́kọ́ kọ́ Amẹ́ríkà ní bí a ṣe ń wọn yìnyín ní òtítọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, James Church, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Látìn ní Yunifásítì Nevada ní Reno, máa ń gun òkè Mount Rose nígbà òtútù. Ó ṣe páìpù gígùn kan tó ń gún yìnyín títí dé ilẹ̀, tí yóò sì gbé yìnyín náà jáde láti gbé e sórí ìwọ̀n. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ lórí omi adágún Tahoe, ẹni tó bá sì mọ ìwúwo yìnyín orí òkè lè sọ iye omi tí yóò ṣàn wá nígbà tí oòrùn bá dé.

Iṣẹ́ Church ló bí ètò ńlá tí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó lónìí, tí wọ́n ń pè ní SNOTEL. Ibùdó rẹ̀ lé ní 900 lórí àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Alaska. Ní ọ̀pọ̀ lára wọn, ìrọ̀rí ńlá pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n rọ omi tí kì í dì sínú rẹ̀; bí yìnyín bá ṣe ń wúwo lórí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ka ìwúwo náà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, àmì rédíò ni wọ́n ń ta sójú ọ̀run, kó lè gbá ipa ọ̀nà tí òkúta ojú ọ̀run fi sílẹ̀ bó ṣe ń jóná, kó sì padà bọ́ sílẹ̀ ní olú ibùdó. Ẹnikẹ́ni ló lè rí ohun tí àwọn ẹ̀rọ yìí kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ fún onísíkì ju mímọ iye yìnyín lọ. Sẹ̀ǹtímítà omi kan máa ń di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 yìnyín. Bí òtútù bá mú gan-an tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ó lè di 15 tàbí 20, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí síkì ń là kọjá láìsí ariwo, irú èyí tó sọ àwọn òkè Utah di olókìkí. Bí ó bá tutù díẹ̀ péré, ó lè má ju 5 tàbí 6 lọ, yìnyín olómi tó ń di ẹsẹ̀ mú, irú èyí tí àwọn ará California ń pè ní sìmẹ́ǹtì Sierra. Ẹni tó bá fi ìwúwo omi wé gíga yìnyín yóò ti mọ irú yìnyín tó ń dúró dè é kó tó kúrò nílé.

Siwísálàǹdì ní tirẹ̀. Lórí Weissfluhjoch, lókè ìlú Davos, ní ibi tó ga ju 2,500 mítà lọ, àwọn onímọ̀ ti ń wọn yìnyín lójoojúmọ́ ìgbà òtútù láti 1936. Ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ yìnyín wọn, SLF, tún ní ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tó lé ní 150 káàkiri àwọn òkè orílẹ̀-èdè náà. Mo gbọ́kàn lé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tó kọ ọ́ kò jèrè kọ́bọ̀ kan bí ẹ bá wá tàbí ẹ kò wá.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Inú igbó tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, nígbà tí ojú ọ̀nà síkì wà lórí òkè gbalasa, níbi tí ẹ̀fúùfù ti lè gbá gbogbo yìnyín lọ sí ẹ̀yìn òkè. Ẹ̀rọ lè ka sẹ̀ǹtímítà 40, kí yìnyín ẹ̀gbẹ́ òkè kan di mítà kan, kí ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà níhòòhò.

Àsọtẹ́lẹ̀: òkè kò rí bí àfonífojì

Áàpù ojú ọjọ́ tó bá fóònù wá ló ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jù. Ẹ kọ orúkọ Chamonix sínú rẹ̀, ìlú ló máa fi hàn yín. Ìlú Chamonix wà ní 1,035 mítà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí wáyà ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí Brévent tó ga ní 2,525 mítà, ó sì ń gbé wọn lọ sí Aiguille du Midi tó ga ní 3,842. Bí a bá ń gòkè, ooru máa ń dín ní nǹkan bíi dígírì 6.5 ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ìlú bá wà ní dígírì 6 tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀, Brévent lè wà ní nǹkan bíi dígírì 4 lábẹ́ òdo, kí yìnyín máa bọ́ níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí Aiguille du Midi sì wà ní 12 lábẹ́ òdo. Ẹni tó wo fóònù rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ padà ti pàdánù ọjọ́ tó dára jù nínú ọ̀sẹ̀ náà.

Nọ́ńbà tó yẹ kí onísíkì wá nínú àsọtẹ́lẹ̀ ni gíga ibi tí ooru ti di òdo. Yìnyín máa ń já dé nǹkan bíi 200 sí 300 mítà nísàlẹ̀ ibẹ̀ kó tó di òjò. Ẹ fi nọ́ńbà yìí wé gíga ìsàlẹ̀ ibùdó yín, ẹ ó mọ ibi tí òjò yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, òtútù máa ń ṣàn wọ àfonífojì, kí ìlú máa gbọ̀n nígbà tí ara tu àwọn tó wà lókè.

Kọ̀ǹpútà ńlá ló ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń gbé orúkọ rẹ̀ ga jù ni ti ECMWF, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà náà pín ayé sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Láàárín kìlómítà 9 lórí Alps, òkè lè yọ, kí àfonífojì jìn, kí òkè mìíràn sì tún yọ; kọ̀ǹpútà á wá pa gbogbo wọn pọ̀ di òkè kan tí kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè olókè fi ní tiwọn tó fojú sí ilẹ̀ kékeré: AROME ti Faransé ń lo igun kìlómítà 1.3, ti ìjọba Siwísálàǹdì tó kéré jù ń lo kìlómítà kan, HRRR ti Amẹ́ríkà ń lo 3. Fún ọjọ́ kan sí méjì tó ń bọ̀, irú èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Fún ọjọ́ tó jìnnà díẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló wà. ECMWF kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń ṣe é ní ìgbà 51, ó sì ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú 51 bá fẹnu kò pé ìjì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bí àwọn kan bá ní mítà kan, tí àwọn kan ní òfo, ẹ má tíì sanwó. Àwòrán kan tó ń pín kiri tó ní mítà méjì yìnyín ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣà nínú ọ̀pọ̀.

Kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Ẹni tó mọ òkè kan dáadáa mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbà wá kí yìnyín tó bọ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olómi láti àríwá ìwọ̀ oòrùn ló ń bù kún Arlberg ní Austria. Nígbà tí ìjì bá wà lórí òkun Mẹditaréníà, ààlà Ítálì lè kún fọ́fọ́ kí oòrùn sì máa ràn ní ìwọ̀ oòrùn Alps ti Faransé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní föhn tún ń rọ́ kọjá ṣóńṣó òkè, tó sì ń yọ́ yìnyín ní ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín ọjọ́ kan. Irú ìmọ̀ yìí ni Joel Gratz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Colorado, fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa yìnyín kí ó tó di pé ó dá OpenSnow, ilé iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ yìnyín, sílẹ̀. Nínú àsọtẹ́lẹ̀ tí èèyàn kọ, èmi a máa wá ẹni tó ń sọ ohun tó dá a lójú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò dá a lójú. Ẹni tí kì í sọ pé "bóyá" rárá, ẹ sá fún un.

Ìkìlọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí di ibí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti ìgbádùn. Èyí tó kù yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Yìnyín tó bọ́ púpọ̀ lórí òkè dídagun lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó gbé igi, ilé àti èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1999, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ láìdáwọ́ dúró, ó ya lu abúlé Galtür ní Austria, ó sì pa èèyàn 31. Àwọn kan nínú wọn wà nínú ilé tí wọ́n kà sí ibi tí ewu kò lè dé.

Láti 1993 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n ewu kan ṣoṣo, láti 1 tí ewu kéré títí dé 5 tí ewu kọjá kékeré. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìwé kà. Wọ́n rí 3 nínú 5, wọ́n rò pé agbede méjì ni, wọ́n sì mú síkì wọn kúrò lójú ọ̀nà. Ní Siwísálàǹdì, nǹkan bí ìdajì àwọn tí yìnyín pa kú ní ọjọ́ tí ìkìlọ̀ wà ní 3. Ewu kì í gun ìpele náà ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ìlọ́po ló fi ń gùn ún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá a lọ ni àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tó bá wọn rìn dá yìnyín náà sílẹ̀.

Ìwé ìkìlọ̀ tó dára kì í fi nọ́ńbà nìkan mọ. Ti SLF ní Davos, tó ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ aago márùn-ún tí wọ́n sì ń tún ṣe ní àárọ̀ ìgbà òtútù, máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí ewu wà, bóyá ìhà àríwá tàbí ìlà oòrùn, gíga ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó fà á: yìnyín tuntun, èyí tí afẹ́fẹ́ kó jọ, tàbí ìpele aláìlera tó ti bò mọ́lẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Tirol, South Tyrol àti Trentino ti pa tiwọn pọ̀ di ọ̀kan tó ré kọjá ààlà Austria àti Ítálì, Colorado àti Utah náà sì ní tiwọn. Nínú gbogbo orísun ìròyìn tí mo yẹ̀ wò, èyí ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù. Àwọn tó ń kọ ọ́ ń gun òkè, wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú yìnyín kí wọ́n lè fọwọ́ kan ìpele kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì kan láti tà.

Scotland, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pàṣẹ

Fún àwa tó ní ẹbí ní Bìrìtéènì, òkè Scotland ni ilé ìwé tó sún mọ́ wa jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibùdó síkì márùn-ún ló wà níbẹ̀: Cairngorm, Glenshee, Glencoe, Lecht àti Nevis Range. Láti Aberdeen, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ epo láti Nàìjíríà ń gbé, èèyàn lè wa mọ́tò lọ sí Glenshee tàbí Lecht kó sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Níbẹ̀, ìjìnlẹ̀ yìnyín kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́; afẹ́fẹ́ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986, ẹ̀rọ tó wà ní ṣóńṣó Cairn Gorm ka afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní máìlì 173 ní wákàtí kan. Yìnyín lè pọ̀ kí ọkọ̀ orí wáyà má lè rìn. Ọ̀nà mọ́tò pẹ̀lú lè dí: ojú títì láti Cockbridge lọ sí Tomintoul, tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lecht, wà lára àwọn tí yìnyín ń kọ́kọ́ tì ní gbogbo Bìrìtéènì.

Bóyá ìyà tí òkè wọ̀nyí fi jẹ wọ́n ló jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ ìròyìn í kọ. Láti 1883 títí di 1904, àwọn onímọ̀ gbé lórí Ben Nevis tọ̀sán tòru, wọ́n ń ka ojú ọjọ́ ní wákàtí wákàtí. Lónìí, MWIS, ilé iṣẹ́ ìròyìn ojú ọjọ́ orí òkè, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lójoojúmọ́, n kò sì rí èyí tó mọ́gbọ́n dání tó o. Kì í sọ ìyára afẹ́fẹ́ lásán. Ó máa ń sọ ohun tí afẹ́fẹ́ náà yóò ṣe fún ẹni tó ń rìn, bóyá yóò ṣòro láti dúró lórí ẹsẹ̀ ẹni. Ó ń sọ bí òtútù ṣe máa mú ní 900 mítà, gíga ibi tí ooru ti di òdo, àti bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí kùrukùru kúrò lórí òkè. SAIS, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìyalulẹ̀ yìnyín ní Scotland, sì ń kọ ìkìlọ̀ fún agbègbè mẹ́fà jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń ka méjèèjì yìí kò ní ṣòro fún láti ka ti Alps.

Nígbà tí ọjọ́ ṣì jìnnà

Ọ̀pọ̀ wa ń sanwó ìrìn àjò síkì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, pàápàá àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bá ilé ìwé lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tó wúlò. Ìròyìn pé El Niño tàbí La Niña, ìgbóná tàbí ìtutù omi òkun Pàsífíìkì tó ń yí ojú ọjọ́ padà, ń bọ̀ ní ìtumọ̀ díẹ̀ fún ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí La Niña sábà máa ń ṣojú rere sí àríwá, tí El Niño sì ń ṣojú rere sí gúúsù. Fún Alps, kò tó ohun tí a ń tẹ̀ lé.

Ohun tí a lè gbára lé ni ìtàn ọdún púpọ̀ àti gíga òkè. Ìgbà òtútù 2022 sí 2023 fi èyí hàn kedere. Ooru gba Alps ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ibùdó tí kò ga fi ti ọ̀nà wọn pa. Ní Adelboden ní Siwísálàǹdì, orí yìnyín àfọwọ́ṣe ni wọ́n ti sáré ìdíje Ife Àgbáyé síkì, koríko tútù sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ní ìgbà òtútù kan náà, ibùdó ìwádìí Yunifásítì California lórí òkè Sierra ní California wọn yìnyín tó bọ́ lápapọ̀, ó sì lé ní mítà 19. Ayé kan náà, ìgbà kan náà. Ẹni tó bá gbọ́ pé "yìnyín kò sí lọ́dún yìí" gbọ́dọ̀ béèrè pé, níbo?

Yìnyín àfọwọ́ṣe pàápàá kì í ṣe ìdánilójú. Òtútù nìkan kọ́ ló nílò. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ẹ̀rọ kò ní lè ṣe é dáadáa bí ooru kò bá lọ sílẹ̀ gan-an. Ìbéèrè fún ẹni tó ń sanwó ṣáájú ni pé: kí ni gíga ìsàlẹ̀ ibùdó yìí, kí sì ni gíga òkè rẹ̀? Láti ọdún mẹ́wàá wá, báwo ni yìnyín rẹ̀ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ? Ṣé owó wa á padà bí ọ̀nà kò bá ṣí?

Bí a ṣe lè to ìròyìn pọ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo àwọn àsọtẹ́lẹ̀ 51 bóyá wọ́n fẹnu kò. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ wo ti orílẹ̀-èdè olókè náà, kí ẹ sì kọ gíga ibi tí ooru ti di òdo sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ka ìwé ìkìlọ̀ ewu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà mọ. Ní àárọ̀, ẹ fi nọ́ńbà ibùdó wé ti ẹ̀rọ ìjọba, kí ẹ wo kámẹ́rà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí ẹ sì rí i pé aago ara àwòrán náà jẹ́ ti òní. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ.

Bí ìròyìn bá takora, ẹ gbọ́ ti ẹni tí kò ní ohun tó ń tà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ewu, èyí tó le jù nínú wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tijú láti bi ilé ìwé léèrè orísun ìròyìn tí wọ́n ń lò, àti ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé kí àwọn ọmọ má gòkè lónìí. Ẹ̀yin ibùdó síkì, tí ẹ ń fẹ́ ká fọkàn tán yín, ẹ kọ ibi tí ẹ ti wọn yìnyín àti aago tí ẹ wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yín, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà kọjú sí ọ̀pá náà. Kò ná yín ní nǹkan tó pọ̀. Ibùdó tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí yìnyín kò pọ̀ ni èmi yóò gbà gbọ́ lọ́jọ́ tó bá ní ó pọ̀.